Dídán Kọ́, Dídún Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Fèrè Saxophone Àtijọ́ Ṣe

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn orin, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í dilẹ̀, mo kí yín o. Alága, mo dúpẹ́ fún àǹfààní yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa. Mi ò ní pariwo. Ọ̀rọ̀ fèrè la wá sọ, fèrè ló yẹ kó pariwo, kì í ṣe èmi.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè ra ògbólógbòó saxophone olówó pọ́ọ́kú, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe títí yóò fi kọrin. Èmi kì í fi iṣẹ́ yìí jẹun o, iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni mo fi ń ṣe. Bí oníṣẹ́ fèrè gidi bá wà láàrin wa, kó jọ̀ọ́, kó bá mi ṣe sùúrù títí n ó fi parí, lẹ́yìn náà kó wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé yín lónìí. Ẹni tó bá ra fèrè àtijọ́, dídán ló kọ́kọ́ máa ń wá. Ó fẹ́ kó máa kọ mànà. Mo ní dídán kọ́, dídún ni. Fèrè tó ti ṣú, tí àwọ̀ rẹ̀ ti bó, bí kò bá jo afẹ́fẹ́, yóò kọrin. Èyí tó ń dán yanran, bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ilé ni, ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló wà lọ́wọ́ wa gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a gbé dání. Adolphe Sax, ọmọ bíbí ìlú Dinant ní orílẹ̀-èdè Belgium, tí wọ́n bí ní 1814, ló ṣe fèrè yìí. Ní 1846 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ín. Idẹ ni ara rẹ̀, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ orin kò kà á mọ́ kàkàkí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdílé fèrè onígi ni wọ́n kà á mọ́. Kí ló dé? Nínú kàkàkí, ètè afunfèrè ló ń gbọ̀n. Nínú saxophone, pẹlẹbẹ esùsú kan tí à ń pè ní reed ló ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè.

Ara rẹ̀ tín-ín-rín lókè, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n dá ihò sí i lára láti òkè délẹ̀. Lórí ihò kọ̀ọ̀kan, ọmọrí kan wà níbẹ̀, bí ọmọrí ìkòkò gẹ́lẹ́. Inú ọmọrí yẹn ni páàdì wà: páálí lẹ́yìn, fẹ́ẹ̀tì láàrin, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú. Fèrè alto kan, ìyẹn ọ̀kan lára irú saxophone tó wọ́pọ̀, lè ní bíi páàdì 25. Ìka yín á tẹ key, ìyẹn ọwọ́ irin tó wà lára fèrè, key á gbé ọmọrí sókè tàbí kó dé e, sípíríǹgì á dá a padà sípò. Ó parí. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀ lojú lè rí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ fi lè dáwọ́ lé e.

Níbo làwọn ògbólógbòó yìí ti wá? Ní àwọn ọdún 1920, saxophone gba orí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìlú Elkhart nìkan, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ilé iṣẹ́ Conn wà níbẹ̀, ti Buescher wà níbẹ̀, ti Martin náà wà níbẹ̀. Ní Cleveland, ilé iṣẹ́ H. N. White ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní King. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ṣe é kó lágbára. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣì wà lábẹ́ ibùsùn àti nínú àjà ilé àwọn tí bàbá bàbá wọn ń fọn ún.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa ń ṣe fèrè fún àwọn oníṣòwò, orúkọ oníṣòwò ni wọ́n á sì fín sí i lára. Ẹ ó rí fèrè tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́ rí, owó rẹ̀ á wálẹ̀ nítorí orúkọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ṣe èyí tó lórúkọ ló ṣe òun náà. Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wo ihò rẹ̀. Ní Martin, wọn kì í fa etí ihò jáde láti ara fèrè. Òrùka idẹ ni wọ́n gé lọ́tọ̀, tí wọ́n fi òjé lẹ̀ mọ́ ara. Bí ẹ bá rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ lára fèrè Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ àjèjì, ẹ rọra má rẹ́rìn-ín níwájú ẹni tó ń tà á.

Rírà: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Fèrè tí yóò yọ yín lẹ́nu, àmì rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra alto kan báyìí. Fàdákà ni wọ́n fi bò ó, òdòdó tí wọ́n fín sí ẹnu gbàràgàdà ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, kò tẹ̀ níbì kankan. Inú rẹ̀ dùn dé etí. Ó pa gbogbo páàdì rẹ̀ dà, ó ṣe é dáadáa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ dùùrù, ohùn méjèèjì kò bára mu rárá. Ó fa ẹnu fèrè, ìyẹn ibi tí à ń fi sẹ́nu, jáde díẹ̀, kò bára mu. Ó pààrọ̀ ẹnu fèrè, kò bára mu. Ó ní dùùrù ni kò dára! Ìgbà tí ẹnì kan yí fèrè náà padà, tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, lẹ́tà H kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀.

Kí ni H yẹn? Láyé àtijọ́, kì í ṣe ìwọ̀n ohùn kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin ń lò. Ìwọ̀n kan wà tó ga, tí ohùn A rẹ̀ (lẹ́tà làwọn olórin fi ń pe ohùn) ń gbọ̀n nígbà 457 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí, 440 ni, ìpàdé àgbáyé kan ní London sì fẹnu kò sí i ní 1939. Ìyàtọ̀ àárín 457 sí 440, ó ju ìdajì àlàfo tó wà láàrin ohùn kan àti èyí tó tẹ̀lé e lórí dùùrù lọ. Ṣé a lè tún un ṣe? A ò lè tún un ṣe. Ara fèrè náà kúrú, ibi tí wọ́n sì dá ihò rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni yóò máa wà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí H tàbí HP tàbí "High Pitch" nítòsí nọ́ńbà, ẹ fi sílẹ̀. L tàbí LP tàbí "Low Pitch" lẹ ń wá. Ọ̀rẹ́ mi kò ju tirẹ̀ nù ṣá. Òun ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ mọ bí a ti ń pa páàdì dà, kò sì sí ohun tí wọ́n lè bàjẹ́ lára rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ọrùn fèrè ló kàn, ìyẹn apá kékeré tó wà láàrin ẹnu fèrè àti ara rẹ̀. Ẹ yọ ọrùn, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kan lè ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nígbà tó ń fi agbára ki ẹnu fèrè bọ̀ ọ́. Bí ó bá ti tẹ̀, ìhà ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti ká jọ díẹ̀, kò sì ní rí róbótó mọ́. Ibi tó wọnú lára ọrùn burú ju ibi tó wọnú lára ẹnu gbàràgàdà ìsàlẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tóóró ní ọrùn, ó sì sún mọ́ ẹnu. Ẹni tó bá ń sá fún fèrè nítorí pé ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú díẹ̀, ó ń fi ọjà sílẹ̀ fún ẹlòmíì ni.

Ẹ gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹni ń yin ìbọn, ẹ fojú tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ṣé ó tọ́? Ẹ ka key rẹ̀: ṣé ó pé? Key tó sọnù lára fèrè àtijọ́, àfi kí ẹ rí òkú fèrè mìíràn tí irú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Páàdì tó ya, kọ́ọ̀kì tó gbẹ, àpótí tó ń rùn, ìwọ̀nyí kò tó nǹkan. Ìyẹn gan-an ni ẹ ó fi bẹ olówó kó dín in kù.

Bí ẹ bá ń bi mí léèrè èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ rà, èrò mi nìyí, ẹlòmíì lè ní tirẹ̀: ẹ ra C-melody. Ó tóbi ju alto lọ, ó kéré sí tenor. Ní àwọn ọdún 1920 tí mo wí yẹn, òun làwọn ará ilé ń rà, nítorí ohun tí wọ́n kọ fún dùùrù ni yóò fọn bó ṣe wà, nígbà tí alto jẹ́ ti E♭, tí tenor jẹ́ ti B♭, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n kọ fún dùùrù kò ní bá tiwọn mu bí a kò bá tún un kọ. Lóde òní, ẹgbẹ́ olórin kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè rẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ kì í ga. Iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ àti iṣẹ́ ara alto, ọ̀kan náà ni. Ẹ fi kọ́ ọwọ́.

Títú u palẹ̀

Èyí kò ní pẹ́. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yípo. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú key kọjá, kì í ṣe gbogbo wọn ló gùn bákan náà. Skúrù tó dà bí ìbejì, ojú wọn lè yàtọ̀. Ẹ gún ihò sí páálí, ẹ to ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ bó ṣe tò lára fèrè. Ẹni tó bá dà á pọ̀ sínú abọ́ kan, Ọlọ́run nìkan ló lè bá a yà á.

Skúrù tó ti le mọ́ ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ńkọ́? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ kán òróró tó ń wọ ihò ìpẹtà sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Screwdriver tí ẹ ó lò, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ojú skúrù náà pinpin. Bí ó bá kọ̀, ẹ tún kán an, ẹ tún fi sílẹ̀. Orí skúrù tó bá ti já, ọ̀rọ̀ ti di ti oníṣẹ́.

Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ wẹ ara rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ kíákíá, nítorí irin ni sípíríǹgì, irin sì ń dípẹtà. Ẹnu fèrè dúdú, èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án o. Á di àwọ̀ ewé, kò sì ní padà. Omi tútù ni tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Buescher lẹ ní, ẹ ṣọ́ra. Nínú ọmọrí ọ̀pọ̀ lára wọn, ìdè irin kékeré kan wà tó ń dá páàdì dúró láìsí gọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tún un ṣe sẹ́yìn ló ti gé e dànù. Bí tiyín bá ṣì pé, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyinjú.

Afẹ́fẹ́

Ó yá, ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ la dé yìí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Láti fọn ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ihò ara fèrè ló gbọ́dọ̀ dé pinpin. Gbogbo wọn. Bí ẹyọ kan bá ṣí bíńtín, ohùn yẹn á máa gbọ̀n rìrì, tàbí kó fò lọ sókè, tàbí kó kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní, "Ìsàlẹ̀ fèrè mi bàjẹ́," ìsàlẹ̀ náà ni yóò sì máa tú. Bẹ́ẹ̀ ibi tó ń jò lè wà lókè ọ̀hún, lábẹ́ àwọn key tí àtẹ́lẹwọ́ òsì ń tẹ̀, tàbí lábẹ́ páàdì kékeré tó wà lórí ọrùn. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú saxophone, òkè ni ògiri ti ń lanu, ìsàlẹ̀ ni aláǹgbá ti ń yọjú.

Báwo la ṣe ń rí afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé rí? Iná ni. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ sọ okùn gílóòbù wẹ́wẹ́ sínú fèrè, irú èyí tí kì í gbóná. Ẹ rọra dé ọmọrí kan. Bí ìtànṣán bá yọ ní etí rẹ̀, ibẹ̀ ni. Ọ̀nà kejì ni bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn amusìgá fi ń wé tábà. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sábẹ́ páàdì, ẹ rọra dé e, kí ẹ fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí ihò náà ká. Bí ó bá mú bébà yìí níwájú tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, páàdì kò jókòó dáadáa.

Ẹ gbọ́ o, mo ní kí ẹ rọra dé e. Mo tún un sọ: kí ẹ rọra dé e! Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, kò sí fèrè tó ń jò láyé yìí. Ọ̀pọ̀ olórin ló ti fi ọdún gbọọrọ fún fèrè lọ́rùn, tí ìka ń dùn wọ́n, tí wọ́n rò pé bí fèrè ṣe ń rí nìyẹn. Fèrè tó dé pinpin, ìka ọmọdé ló ń fẹ́.

Ìbéèrè nìyí fún yín: bí ó bá ń jò lábẹ́ páàdì kan, ṣé páàdì ló bàjẹ́? Ẹ̀yin kan ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dúró ná.

Ó lè jẹ́ pé etí ihò gan-an ni kò tẹ́jú. Ẹ gbé gíláàsì pẹlẹbẹ lé e pẹ̀lú iná nínú fèrè, ẹ ó rí i. Ṣé ká wá mú fáìlì? Ó kù síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Conn, wọ́n ká etí ihò síta, ó nípọn, ó sì rí róbótó. Ẹni tó bá fi fáìlì yún un ti ba ohun tí ilé iṣẹ́ fi ọgbọ́n ṣe jẹ́. Ṣe ni wọ́n ń rọra tì í sókè láti inú. Lára Martin tí mo sọ, òjé tó lẹ òrùka náà mọ́ ara lè ti ṣí níbì kan. Ẹ ó pa páàdì dà nígbà mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ á ṣì máa gba ìdí òrùka jáde, a ò sì ní rí i bí a kò bá wá a síbẹ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé key ló ń mì. Ẹ fi ìka méjì di key mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì. Bí ó bá ń rìn lórí ọ̀pá rẹ̀, páàdì kò ní balẹ̀ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ẹ tò lónìí, lọ́la á ti jò. Àwọn oníṣẹ́ ní ẹ̀mú kan tí wọ́n fi ń fún ihò key kó lè gùn díẹ̀, kó sì mú ọ̀pá dáadáa. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀mú náà, ẹ gbé ìyẹn nìkan lọ fún oníṣẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nítorí náà, ara fèrè kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tọ́, kí etí ihò tẹ́jú, kí key dúró gírí, lẹ́yìn ìyẹn la ó tó mẹ́nu kan páàdì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páàdì, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ra páàdì.

Páàdì wàyí. Ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè ní ìdajì ìdajì mìlímítà, nítorí náà ẹ wọn inú ọmọrí kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Ohun tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ láti ayébáyé ni shellac, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi. Ó máa ń rọ̀ ní àyíká 75°C, bó bá sì tutù, á le gbagidi. Àwọn kan ń lo gọ́ọ̀mù gbígbóná tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ tó rí bí ìbọn yọ́. Èmi ò bá wọn jà, àmọ́ shellac ni tèmi, nítorí pé ó le nígbà tó yẹ kó le, iye ìgbà tí mo bá sì fẹ́ kó rọ̀ ló ń rọ̀.

Ẹ yọ́ ọ sẹ́yìn páàdì, ẹ tẹ páàdì bọ inú ọmọrí, ẹ dá key padà sára fèrè, ẹ wo iná. Ó dájú pé yóò ṣì máa jò níhà kan. Ẹ fi iná kékeré mú ẹ̀yìn ọmọrí náà gbóná títí shellac yóò fi rọ̀, ẹ rọra fa páàdì wálẹ̀ níhà tó ga, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tún wo iná. Ẹ tún ṣe é. Àfojúsùn wa ni pé kí gbogbo etí páàdì kan gbogbo etí ihò lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe kí ẹ̀yìn kàn kí iwájú tó tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná kan sípíríǹgì, líle rẹ̀ á lọ. Ẹ má jẹ́ kó kan ìkarahun dídán tí ìka ń tẹ̀, á jó tàbí kó là.

Ìgbà tí gbogbo páàdì bá ti dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rò pé iṣẹ́ ti tán. Kò tíì tán! Nínú saxophone, key kan lè máa dé ju ihò kan lọ. Ẹ mú ìka àkọ́kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí a fi ń fọn F. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọmọrí tirẹ̀ á dé, ọmọrí F# lókè rẹ̀ á dé, apá kékeré kan á sì tún di ọmọrí G# mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣí nígbà tí ìka kékeré òsì bá ń tẹ àwọn key ìsàlẹ̀. Ọmọrí mẹ́ta, ìka kan. Kí ló ń mú kí wọ́n dé pa pọ̀? Kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tó wà láàrin àwọn apá náà ni. Bí ọ̀kan bá nípọn jù, òun á kọ́kọ́ kàn, àwọn yòókù á sì máa wò. Bí ó bá tín jù, òun ni yóò ṣẹ́kù sókè. Bébà lásán tí ẹ bá fi yún un lẹ́ẹ̀mejì ti lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo páàdì ọwọ́ ọ̀tún dànù nítorí kọ́ọ̀kì kan tí kò fẹ̀ tó èékánná.

Ó ku ọrùn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ láti òkè. Kò yẹ kí afẹ́fẹ́ kankan jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọrùn náà bọ inú ara fèrè: ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìdènà díẹ̀, kó má ṣe máa jó nínú rẹ̀. Ibi tí ọrùn ti pàdé ara, òkè pátápátá nìyẹn, bí ó bá jò níbẹ̀, gbogbo ohùn tó kù ló bá a jò.

Àdánwò dídán

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dúró de ibí. "Ìgbà wo la ó wá mú un dán?"

Arákùnrin kan tí mo mọ̀ gbé tenor rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fọ idẹ. Ó dé, ó ń tàn débi pé ẹ lè gé irun nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ni ẹ̀rọ yẹn ṣe? Idẹ ló ń jẹ. Ó jẹ òdòdó tí wọ́n fín sí i lára títí ó fi di òjìji. Ó jẹ etí ihò. Wọn kò tú key rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, yanrìn ìfọdẹ sì wọ inú ihò ọ̀pá, ó ń yún un bí ó ti ń fọn ún. Àwọn tó ń kó fèrè àtijọ́ jọ mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì já owó rẹ̀ lulẹ̀.

Fáníìṣì tó bá kù lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kù. Fàdákà tó ṣú, ẹ fi ìpara fàdákà àti aṣọ rírọ̀ rọra nù ún. Bí ẹ bá rí ojú pupa tó ń tò sára idẹ, síǹkì ló ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ tó ṣẹ́ bàbà kù. Ní ojú lásán, kò burú. Bí ó bá ti jinlẹ̀ lára ọrùn, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹnu fèrè

Ìkẹyìn, kí ẹ tó bú fèrè àtijọ́ pé ohùn rẹ̀ ń rìn, ẹ wo ohun tí ẹ fi sí i lẹ́nu. Ara saxophone rí ṣóńṣó, àmọ́ wọ́n ti gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò. Ẹnu fèrè ló ń dí àlàfo ohun tí wọ́n gé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó iye tí ṣóńṣó yẹn ìbá gbà. Àwọn tó ṣe fèrè ní àwọn ọdún 1920 ń ṣe ẹnu tí inú rẹ̀ gbòòrò tó sì rí róbótó. Ọ̀pọ̀ tòde òní há nínú, kó lè le lóhùn. Bí ẹ bá fi èyí tó há sára fèrè àtijọ́, ẹ ó ní láti fà á jáde lórí kọ́ọ̀kì tó wà lára ọrùn débi tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, síbẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ kò ní bára mu. Ọ̀pọ̀ fèrè rere ni wọ́n ti tà dànù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wá ẹnu tí inú rẹ̀ tóbi kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Ẹ má sì retí èrè. Páàdì, irinṣẹ́ àti àkókò yín, bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lè ju owó tí ẹ fi ra fèrè lọ. Ẹni tó fẹ́ jèrè, kó ra, kó tà. Tiwa ni pé ohun kan tó ti dákẹ́ láti ayé bàbá ẹlòmíì, ọwọ́ wa ló jẹ́ kó tún sọ̀rọ̀.

Mo gbé C-melody kan wá, òun ló wà lórí tábìlì yìí. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi páàdì mẹ́ta sílẹ̀ láìtò ó dáadáa, gílóòbù sì ti wà nínú rẹ̀. Alága, ẹ bá wa pa iná gbọ̀ngàn yìí. Ẹ bọ́ síwájú ní méjì méjì, ẹ rọra dé ọmọrí, kí ẹ wá fi ìka tọ́ka ibi tó ń jò hàn mí. Bí ẹ bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbéèrè.